AKẸ́KỌ̀Ọ́, ÌRÁNṢẸ́ ÀTI AṢÁÁJÚ: Ọ̀NÀ TÍ Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ FI Ń DÀGBÀ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GIRAMA

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì fi ìmọ̀ gbé e ga ju àwọn ẹ̀dá yòókù lọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. 

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹni tí ó bá gbé ìkòkò ka orí òkúta méjì péré, kí ó má retí àtijẹ nínú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ni yóò mu ọbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama rí. Òkúta kìíní ni ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀. Òkúta kejì ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún àǹfààní ẹlòmíràn láìgba owó. Òkúta kẹta ni ipò aṣáájú tí ó ń kọ́ bí a ti í dì mú láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì tí ó kù kò lè dá ìkòkò gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí tó sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ni ó gbà pé òkúta kan ṣoṣo tó. Wọn a ní, “Ìwé nìkan ni kí o gbájú mọ́, bí o bá di ẹni ńlá tán, ìgbà náà ni kí o tó máa ṣe ti ẹgbẹ́.” Àwọn ọ̀dọ́ kan náà sì wà tí wọ́n fi orí ìwé ṣe ìrọ̀rí. Ìpàdé lónìí, ìrìn-àjò ẹgbẹ́ lọ́la. Orúkọ wọn kún ẹnu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ìdánwò bá dé, ojú a tì wọ́n, ojú a sì ti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣojú fún. Òkúta kan ni ìhà méjèèjì gbé dání, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé ìkòkò.

ÀPẸẸRẸ MẸ́TA LÁTI MẸ̀DÍNÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣà àwọn òyìnbó ni kí a máa pe ọmọdé sí iṣẹ́ ńlá, kí ó wo ìlú Mẹ̀dínà ní ayé Ànábì. Ọ̀dọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ìtàn kò gbàgbé.

Èkíní ni Zayd ọmọ Thabit. Ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí Ànábì ṣí wá sí Mẹ̀dínà. Ó kéré jù láti lọ sí ojú ogun, wọ́n sì dá a padà sílé. Kò jókòó sunkún; ó kọjú sí kíkà àti kíkọ. Ànábì pàṣẹ fún un pé kí ó kọ́ ìwé àwọn Júù kí ó lè máa bá òun ka lẹ́tà tí wọ́n bá kọ, kí ó sì máa fèsì; ó kọ́ ọ láàrin ìgbà díẹ̀. Òun náà ni ó wá di ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ìṣípayá, òun sì ni Abubakar fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, lẹ́yìn ikú Ànábì, láti kó Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé jọ sí ojú kan. Ọmọ tí wọ́n dá padà láti ojú ogun ni Ọlọ́hun fi ṣọ́ Ìwé Rẹ̀.

Èkejì ni Anas ọmọ Malik. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀, Ummu Sulaym, mú un wá pé kí ó máa ṣe ìránṣẹ́ fún Ànábì. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ó fi ṣe é. Iṣẹ́ tí ó jọ iṣẹ́ kékeré ni: omi pípọn, ìríjẹ́ sí ibí, ìríjẹ́ sí ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nítòsí ni ó ń gbọ́, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ó ń rí. Hádíìsì tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde lé ní 2,000. Ìsìn tí ó sìn ni ó di ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Usama ọmọ Zayd. Ní ọdún 632, nígbà tí kò tíì ju bí ọmọ ogún ọdún lọ, Ànábì fi í ṣe olórí ogun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kùn pé ọmọdé ni. Ànábì kò gba kíkùn wọn wọlé. Ó fi yé wọn pé ipò náà tọ́ sí i. Nígbà tí Abubakar di Kálífà, ó fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Usama tí ó wà lórí ẹṣin, ó sì sìn ín sọ́nà. Àgbà tí ó mọ iyì ọ̀dọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́, ìsìn, ìdarí: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ní Mẹ̀dínà. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn ogun Badr ní ọdún 624, àwọn òǹdè kan wà tí wọn kò ní owó ìràpadà ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ìwé. Ànábì gbà pé kí olúkúlùkù wọn kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní Mẹ̀dínà ní kíkà àti kíkọ, kí èyí sì jẹ́ ìràpadà rẹ̀. Abọ̀rìṣà ni àwọn olùkọ́ náà. Síbẹ̀, Ànábì kò bẹ̀rù pé ọmọ Mùsùlùmí yóò gba òrìṣà pọ̀ mọ́ ábídí, nítorí pé ilé tí ọmọ ti wá dúró ṣinṣin.

ÌDÀÀMÚ ÀWỌN BABA NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rù ba àwọn baba. Kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọdún 1859 ni ìjọ C.M.S. ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ní Èkó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ọmọ tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí Sùlémánà a máa jáde gẹ́gẹ́ bí Sólómọ́ọ̀nù. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní kíkà kò yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n fi ń wàásù fún un. Nítorí náà, baba tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní ọ̀nà méjì péré níwájú rẹ̀: kí ó fi ọmọ sílé kí ó má mọ ìwé, tàbí kí ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ó sì máa gbàdúrà pé kí ó padà wá gẹ́gẹ́ bí ó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó yan ti àkọ́kọ́. Ohun tí ó sì tẹ̀lé e ni pé nígbà tí ọ́fíìsì ìjọba ń wá akọ̀wé, tí kóòtù ń wá lọ́yà, tí ilé-ìwòsàn ń wá dókítà, àwọn ọmọ Mùsùlùmí kò pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní ọdún 1896. Ìjọ Ahmadiyya ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1922. Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Alákòró ní ọdún 1931. Ní Abẹ́òkúta, ọdún 1939 ni wọ́n dá Nawair-ud-Deen sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí agbára wọn ká. Bí ọmọ bá ṣe tán níbẹ̀ tí ó fẹ́ tẹ̀síwájú, àárín àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni yóò tún bọ́ sí, yóò sì jẹ́ ọ̀dọ́langba nígbà náà, ní ọjọ́ orí tí ojú ẹgbẹ́ ń dẹ́rù ba ènìyàn ju ojú òbí lọ.

Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe máa kírun? Ta ni yóò jí i fún sààrì ní oṣù àwẹ̀? Ta ni yóò dáhùn nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́? Àgbà kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n dáhùn.

AKẸ́KỌ̀Ọ́ KAN NÍ KING'S COLLEGE

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, ọdún 1933, ni wọ́n bí Abdul-Lateef Ọládiméjì Adégbìtẹ́ sí ìdílé Mùsùlùmí ní Abẹ́òkúta. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ti kà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá ní ìgbà ayé rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ó sì gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ó gbé e dé King's College ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1909, tí ọmọ kò lè wọ̀ bí kò bá mọ ìwé dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ rí kọ́ nìyí. Ìwé ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Bí Adégbìtẹ́ kò bá mọ ìwé, kò ní sí ní King's College. Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ tí ó ṣe kò ní rí ibi dúró sí. Ẹni tí kò wọ inú ilé kò lè tún inú ilé ṣe.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ọdún 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó kó ara wọn jọ, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí M.S.S. Lateef Adégbìtẹ́ wà lára àwọn olùdásílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe Ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì wà ní girama. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ni ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ráyè wọ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà kì í ṣe ohun ìyanu.

Kí á fi ojú inú wo ohun tí ọjọ́ náà jẹ́. Kì í ṣe àlùfáà àgbà ni ó pe ìpàdé. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ni ó kó owó sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ṣì ń retí ìdánwò, ni wọ́n rí àìní kan tí wọ́n sì dìde sí i. Wọn kò sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí.” Wọn kò sì sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí á ṣe bí wọ́n ti ń ṣe.” Wọ́n rí ọ̀nà kẹta tí àwọn baba kò rí: kí ọmọ dúró sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó ta gbogbo ẹgbẹ́ yọ nínú ìwé, kí ó sì jẹ́ Mùsùlùmí ní gbangba.

Àsìkò tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú bá ìgbà mu. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ ìyá olóúnjẹ rọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí láàrin wọn yóò fi dé girama, ẹgbẹ́ kan ti wà nílẹ̀ tí ó ń dúró dè wọ́n.

IṢẸ́ KÉKERÉ NI Ó Ń KỌ́ ÈNÌYÀN NÍ IṢẸ́ ŃLÁ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń rò pé aṣáájú ni ẹni tí ó ń jókòó síwájú. Ẹ wo ohun tí olórí M.S.S. ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan máa ń ṣe ní ti gidi. Òun ni ó ń lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún yàrá tí wọn yóò máa kírun. Òun ni ó ń rí sí i pé omi àlùwàlá wà nínú kẹ́tùrù kí agogo ìsinmi tó lù. Bí ẹní bá dọ̀tí, òun ni yóò gbá a. Bí ọmọ kékeré kan bá ń sunkún ilé, òun ni yóò tù ú nínú. Ní oṣù àwẹ̀, òun ni yóò bá alásè ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ sààrì. Nígbà tí wọ́n bá sì dá owó ẹgbẹ́, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sí, kọ́bọ̀ lórí kọ́bọ̀.

Kí ni ó kù nínú iṣẹ́ ìjọba tí ọmọ yìí kò tíì kọ́? Ó ti kọ́ bí wọ́n ti í bá ẹni tí ó ju ni lọ sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù àti láìrífín. Ó ti kọ́ bí wọ́n ti í tọ́jú owó tí kì í ṣe ti ẹni. Ó ti kọ́ bí wọ́n ti í parí ìjà láàrin àwọn tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ẹni. Ó sì ti kọ́ èyí tí ó le jùlọ: kí ó ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní yìn ín fún. Ẹni tí kò bá lè gbá ilẹ̀ mọ́sálásí nígbà tí ó wà ní girama, àǹfààní wo ni yóò ṣe fún ìlú nígbà tí ó bá di gómìnà?

Ìdí nìyí tí ìsìn fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú ipò. Nínú ẹ̀kọ́ Ànábì, darandaran ni olúkúlùkù ènìyàn, wọn yóò sì bi í léèrè nípa agbo rẹ̀. Wọn kò ní bi darandaran léèrè bí ọ̀pá rẹ̀ ti dára tó; iye àgùntàn tí ó kó wálé ni wọn yóò kà.

IBI TÍ Ọ̀NÀ NÁÀ JÁ SÍ

Adégbìtẹ́ kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ pa ìwé òun lára. Ó ti girama lọ sí Yunifásítì Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní ọdún 1962. Ó padà wálé, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì ti Èkó. Ní ọdún 1971, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fi í ṣe Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti oyè jíjẹ. Ní ọdún 1973, ó di Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Láti ọdún 1972 títí di 1985, òun ni Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì ti Nàìjíríà. Láti ọdún 1984 sí 1990, ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àwọn alákòóso Yunifásítì Maiduguri. Ó sì sin gbogbo Mùsùlùmí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí Akọ̀wé Àgbà fún Ìgbìmọ̀ Gíga fún Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù títí di ìgbà tí ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2012, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Ẹ kíyè sí i pé ipò tí ó gbẹ̀yìn yìí bá ti àkọ́kọ́ mu. Ní ọdún 1954, ó ń bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà tí Mùsùlùmí yóò fi gbé láàrin àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn láìjà, láìsì sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Nígbà tí irun rẹ̀ funfun, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe fún orílẹ̀-èdè. Igi tí ènìyàn gbìn ní girama ni ó jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ ní ọjọ́ alẹ́.

Ẹgbẹ́ náà kò sì kú pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Nígbà tí ìjà lórí ìbòrí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó délẹ̀, M.S.S. ẹ̀ka Èkó pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún méjìlá lọ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, ọdún 2014, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà dá wọn lẹ́bi. Wọn kò sun táyà, wọn kò sọ òkúta. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje, ọdún 2016, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, àti ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ọdún 2022, márùn-ún nínú adájọ́ méje fi ọwọ́ sí ìdáláre náà. Odindi ọdún mẹ́jọ, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, láti ìdájọ́ àkọ́kọ́ sí ti ìkẹyìn! Sùúrù ni ó ṣe é. Ìmọ̀ ni ó ṣe é pẹ̀lú, nítorí pé bí kò bá sí Mùsùlùmí tí ó kàwé di lọ́yà, ta ni ìbá dìde ní kóòtù láti bá wọn wí tẹnu wọn?

OHUN TÍ Ó Ń YẸ ÒKÚTA LÓNÌÍ

Ìdààmú àwọn baba ti yí padà. Lónìí, Mùsùlùmí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀ káàkiri, ó sì ní yunifásítì. Ẹni tí ó ń fi ipá yí orúkọ ọmọ padà kò wọ́pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí ó ń yí ọmọ fúnra rẹ̀ padà, tí orúkọ rẹ̀ sì dúró bí ó ti wà.

Èkíní ni jìbìtì ìdánwò. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn ìdánwò oníwèé-mẹ́wàá bí ẹni ta ẹ̀kọ gbígbóná. Òbí ń san owó rẹ̀, ọmọ ń gbà á. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ Àmíìrù tí ó pe ìrun ní ọ̀sán, kí ó sì fi ìwé pélébé pamọ́ sí abẹ́ fìlà ní ìrọ̀lẹ́. Èyí burú ju kí ọmọ má yege lọ. Ẹni tí kò yege lè tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó jí èsì ti fi hàn gbogbo ẹni tí ó ń wò ó pé ìrun kì í dá ọwọ́ olè dúró. Àwọn ọmọ kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó. Ẹlẹ́sìn mìíràn pẹ̀lú ń wò ó.

Èkejì ni ìfẹ́ oyè. Nígbà mìíràn, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ a ní ogún ọmọ ẹgbẹ́, olóyè a sì jẹ́ méjìdínlógún. Ìjà lórí ipò a fa ìpínyà, mọ́sálásí kan a di méjì ní ọgbà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, omi àlùwàlá kò sí nínú kẹ́tùrù.

Ẹ̀kẹta ni fífi ọmọbìnrin sẹ́yìn. Àwọn òbí kan ṣì ń rò pé ìmọ̀ tó fún ọmọkùnrin, àṣẹ́kù tó fún ọmọbìnrin. Ta ni ó fi Anas sí iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé? Ìyá rẹ̀ ni. Ta ni ó lọ sí kóòtù ní Èkó? Ọmọbìnrin ni. Àmíírà tí ó mọ ìwé, tí ó ń kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìṣirò ní ọjọ́ Sátidé, odi ìlú ni.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ alágbèéká. Kò burú nínú ara rẹ̀. Odindi ilé-ìkàwé lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi wákàtí mẹ́ta wò ó ní alẹ́, ìrun àsùbáà yóò sú u, kíláàsì àárọ̀ yóò sì di ilé oorun.

ÌMỌ̀RÀN FÚN Ọ̀DỌ́ ÀTI ÀGBÀ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìrun márùn-ún ti pín ọjọ́ yín sí ìsọ̀rí. Ẹ lò ó. Ẹni tí ó bá kàwé láàrin àsùbáà àti ìgbà tí yóò jáde nílé, tí ó sì tún kà á lẹ́yìn ìṣáì, tí kò jẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀, kò ní nílò láti ra ìdáhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ní àsìkò tirẹ̀. Bí ìdánwò bá kù díẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Aṣáájú tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni láti dúró ní ipò rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá mọ ìṣirò tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wá ọmọ kan tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó sì kọ́ ọ. Méjèèjì ni yóò jèrè, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá kọ́ ẹlòmíràn kì í tètè sá kúrò lórí. Ìmọ̀ tí ó gbé inú ẹnìkan ṣoṣo dàbí kànga inú igbó: omi rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń pa ará ìlú.

Bí wọ́n bá sì fi yín ṣe olórí, ẹ kọ ìṣirò owó sílẹ̀, ẹ kà á síta, ẹ sì fi ipò náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá pé. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ ti pèsè ẹni tí yóò ṣe é jù yín lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe kọ̀ fún ọmọ láti sin ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi owó ra èsì fún un. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀, ẹ béèrè ìrun rẹ̀, ẹ sì béèrè ẹni tí ó ràn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ rántí Abubakar tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin Usama. Ọ̀dọ́ tí àgbà kò fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ lónìí, ọwọ́ òfo ni yóò fi gba ẹgbẹ́ lọ́la.

Ọdún mẹ́fà péré ni ọmọ ń lò ní girama. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá tí ó wọlé, títí di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó jáde, ẹnikẹ́ni kò lè dá ọjọ́ kan padà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún 1954 lo tiwọn dáadáa. Ibi tí wọ́n dé ni àwọn ti òní ti bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí wọ́n bá padà sẹ́yìn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní kún ìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí. Kí Ó fún wọn ní ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́, ọkàn tí kò gbéraga àti ojú tí kò ní tì níwájú ènìyàn, tí kò sì ní tì níwájú Rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣirò. Kí Ó forí jin àwọn tí wọ́n ti là ọ̀nà sílẹ̀, kí Ó má sì jẹ́ kí ọ̀nà náà dí mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmín.

Àsàlámù aláékùmù wa ráhámọ́túlááhì wa bárakátúhù.